Ọkọ Ni Tàbí Ọ̀kọ̀? Lámèyítọ́ Lórí Eré Henry Karùn-ún ti Shakespeare

Àwọn tó wà ní ìpàdé wa tó kọjá á rántí pé èmi ni mo túmọ̀ ìran méjì nínú eré Henry Karùn-ún ti Shakespeare sí Yorùbá, tí a sì kà á sókè. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé ibi tí ọba ti fẹnu ko Katherine lẹ́nu, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìfẹ́ rèé o!" Gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ òun?

Ìgbà tí a ń to àga padà ni àbúrò wa tó ka ipa Katherine wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni ọmọbìnrin yìí ti sọ pé òun gbà?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀ jàre, lọ wò ó dáadáa." Ó ní òun ti wò ó. Mo gbé ìwé náà lọ sí hóstẹ́ẹ̀lì, mo ń ṣí i síwá sẹ́yìn títí iná fi lọ, mo tún tan àbẹ́là. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí mo rò pé mo túmọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì kà á. Nǹkan bí ọdún 1599 ni Shakespeare kọ ọ́. Henry Karùn-ún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé òun ló ni adé ilẹ̀ Faransé. Ó kó ogun sọdá òkun, ó gba ìlú Harfleur, ó sì ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Agincourt ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1415. Ní apá karùn-ún eré náà, ọba méjèèjì pàdé láti ṣe àdéhùn. Nínú ìtàn gidi, ìlú Troyes ni wọ́n ti ṣe é, ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1420. Àwọn ìjòyè jáde lọ jíròrò lórí ìwé àdéhùn, wọ́n fi Henry sílẹ̀ pẹ̀lú Katherine, ọmọ ọba Faransé, àti Alice tó ń tọ́jú rẹ̀. Henry gbọ́ Faransé díẹ̀, Katherine gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1420 yẹn ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ ọdún 18 ni Katherine.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ìran tí à ń pè ní ìran ìfẹ́ yìí, ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Shakespeare mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri eré náà. Ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kí àwa rí i.

Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ eré. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury sọ̀rọ̀ gígùn kan tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá, nítorí orúkọ àwọn ọba àtijọ́ tó kún inú rẹ̀. Ẹ má fò ó mọ́ o. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Philip Kẹrin, ọba Faransé, bí ọmọkùnrin mẹ́ta tó jọba tẹ̀lé ara wọn, ó sì bí ọmọbìnrin kan, Isabella, tí Edward Kejì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ní 1308. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin náà, Charles Kẹrin, kú ní 1328 láìní ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní Edward Kẹta, ọmọ Isabella, ni adé kàn. Àwọn Faransé ní rárá o, obìnrin kò lè jọba, kò sì lè fa ẹ̀tọ́ adé lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n mú Philip ti Valois, ọmọ àbúrò Philip Kẹrin. Ní 1340, Edward Kẹta pe ara rẹ̀ ní ọba Faransé ní gbangba.

Edward Kẹta yìí ló bí John ti Gaunt, John bí Henry Kẹrin, Henry Kẹrin bí Henry Karùn-ún tiwa. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹ̀tọ́ tí Henry ń tìtorí ẹ̀ jagun, ẹnu ọ̀nà obìnrin kan ṣoṣo ló gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí bíṣọ́ọ̀bù fi ń làágùn kó tó lè fi yé wa pé òfin Sálíkì tí àwọn Faransé gbójú lé kì í ṣe òfin ilẹ̀ wọn rárá, pé ilẹ̀ Jámánì ni ilẹ̀ Sálíkì wà, pé obìnrin lè fi adé sílẹ̀ fún ọmọ.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, wàhálà ti dé ilé Henry fúnra rẹ̀. Edward Kẹta bí Lionel ṣáájú John ti Gaunt. Ọmọbìnrin ni Lionel bí, Philippa lorúkọ rẹ̀, láti ara Philippa sì ni Edmund Mortimer ti wá. Tí obìnrin bá lè fa adé lé ọmọ lọ́wọ́, Mortimer ló yẹ kó wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Henry, tí bàbá rẹ̀ fi agbára gba adé ní 1399. Òfin tí Henry fi ń béèrè ilé onílé, òun náà ló lè lé e jáde nílé tiẹ̀. Shakespeare kò dárúkọ Mortimer nínú eré yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú àwọn ọ̀dàlẹ̀ mẹ́ta ní Southampton, Cambridge sọ pé kì í ṣe owó Faransé nìkan ló ti òun, òun ti ní ohun kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Kí ni ohun náà? Kò sọ. Nínú ìtàn gidi, Cambridge ti fi Anne Mortimer, ẹ̀gbọ́n Edmund, ṣe aya rí, Edmund ni wọ́n sì fẹ́ fi jọba. Wọ́n bẹ́ Cambridge lórí ní oṣù kẹjọ ọdún 1415.

Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọba tó dúró níwájú Katherine yẹn, ó nílò obìnrin kan láti ilẹ̀ Faransé ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe sọ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo Katherine. Kí a tó rí i rárá, Henry ti dúró níwájú odi Harfleur. Ó sọ fún olórí ìlú náà pé tí wọn kò bá ṣí ìlẹ̀kùn, àwọn ọmọ ogun òun yóò fipá bá àwọn ọmọbìnrin wọn lò pọ̀, wọn yóò fọ́ orí àwọn bàbá àgbà mọ́ ògiri, wọn yóò sì fi ọ̀kọ̀ gún àwọn ọmọ ọwọ́. Ìlú túúbá. Ìran tó tẹ̀ lé e gan-an, láìsí ohunkóhun láàárín, ni Katherine ti ń bẹ Alice pé kó kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní dandan ni kí òun gbọ́ èdè náà. Ta ló sọ fún un pé dandan ni? Shakespeare kò sọ. Ọmọ náà ṣáà ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Kí ló wá kọ́? Ọwọ́, ìka, èékánná, apá, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn, àgbọ̀n, ẹsẹ̀, aṣọ. Kò kọ́ bí a ti ń kíni. Kò kọ́ "rárá". Ara rẹ̀ ló ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé. Nígbà tó dé orí ẹsẹ̀ àti aṣọ, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì dún bí ọ̀rọ̀ rírùn ní èdè tirẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó tún un sọ.

Ibí yìí ni mo ti ní ẹjọ́ láti rò. Àwàdà yẹn kò ṣeé túmọ̀, nítorí pé Faransé ni adùn rẹ̀ wà. Mo bá fi tèmi rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí Katherine máa ṣi ohùn sọ, kó fẹ́ sọ "ọkọ" kó máa sọ "ọ̀kọ̀", kí Alice máa tún un ṣe. Ibẹ̀ lẹ ti rẹ́rìn-ín jù. Kò sí nínú ìwé o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ìgbà tí mo ń ka ìwé náà lábẹ́ àbẹ́là ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọ̀kọ̀ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ọ̀kọ̀ Harfleur. Ọ̀kọ̀ ló ṣáájú, ọkọ ló tẹ̀ lé e, ẹnì kan náà ló sì gbé méjèèjì wá. Èmi tí mo rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, Katherine kò ṣi ohùn sọ rárá.

Ọ̀rọ̀ kejì tó fún mi ní wàhálà ni "fẹ́". Èdè wa kò fi bò: mo fẹ́ owó, mo fẹ́ ilẹ̀, mo fẹ́ ọ, mo fẹ́ ọ níyàwó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo kọ́kọ́ fi "nífẹ̀ẹ́" síbi gbogbo kó lè dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Katherine béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí òun fẹ́ràn ọ̀tá ilẹ̀ òun. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, òun sì ni ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo eré náà. Henry dáhùn pé òun kì í ṣe ọ̀tá, pé òun fẹ́ràn ilẹ̀ Faransé débi pé òun kò ní jẹ́ kí abúlé kan ṣoṣo yọ lọ́wọ́ òun nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi fi "fẹ́" lásán síbẹ̀ kí ẹ tún gbọ́ ọ. Ọba fẹ́ ilẹ̀, ọba fẹ́ ọmọ onílẹ̀. Kí àwọn ìjòyè tó jáde, òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún wọn pé Katherine ni olórí ohun tí òun ń béèrè nínú àdéhùn náà. Orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ àwọn ìlú.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Yorùbá kì í jẹ́ kí èèyàn sá fún un: ṣé "o" ni tàbí "ẹ"? Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà ní irú rẹ̀. Nígbà tó bá wu Henry, á bọ́ sí "ìwọ", á sì máa pè é ní Kate, Kate, Kate. Katherine kò bọ́ sí "ìwọ" lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọlá ọba ló ń fún un. Nílẹ̀ wa, ìyàwó tó bá wọlé ni kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ, òun ló ń fún wọn lórúkọ tuntun, títí dé orí ọmọdé tí wọ́n bí kó tó dé. Ní ti Kate yìí, kò tíì wọlé ọkọ tí ọkọ ti yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ó wá di orí ìbéèrè àbúrò wa. Níbo ló ti gbà? Mo ka ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ahọ́n ọkùnrin kún fún ẹ̀tàn. Nígbà tí Henry béèrè pé ṣé á fẹ́ òun, ó ní bó bá ti wu ọba bàbá òun. Henry ní á wù ú, dandan ni kó wù ú. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ òun náà lọ́rùn. Ibi tó sún mọ́ "mo gbà" jù nìyẹn, ibẹ̀ ni èmi náà sì fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Nínú ìtumọ̀ mi, mo kọ "mo gbà". Kò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi síwájú, Henry ló sì bá bàbá dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ọba fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe àṣà àwọn ọmọbìnrin Faransé kí ìgbéyàwó tó wáyé. Henry ní àṣà a máa tẹrí ba fún ọba ńlá, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ o: láti ìgbà yẹn títí eré fi parí, Katherine kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Àwọn ìjòyè padà wọlé, Henry àti Burgundy ń fi í ṣe àwàdà àgbàlagbà lójú ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà fi àwọn ìlú Faransé tí ogun kò tíì wọ odi wọn wé wúńdíá. Ọmọbìnrin yẹn wà ní ìdúró, kò fọhùn. Ìyá rẹ̀ pàápàá, nígbà tó ń bá àwọn ìjòyè lọ sídìí àdéhùn, ti sọ pé bóyá ohùn obìnrin á ṣàǹfààní díẹ̀ níbẹ̀. A ò gbọ́ ohùn náà. Ibi tí gbogbo wa ti pàtẹ́wọ́ gan-an ni ohùn Katherine ti parí.

Àwọn ohun kan tún wà tí Shakespeare gbé pamọ́. Ọba Charles Kẹfà, bàbá Katherine, ti ń ṣàìsàn ọpọlọ láti 1392. Ìgbà kan wà tó rò pé dígí ni òun, pé òun lè fọ́. Nínú eré, ara ọba náà dá ṣáká. Eré kò sì sọ pé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1419, wọ́n pa John, olórí Burgundy, lórí afárá Montereau níwájú Charles, àrẹ̀mọ ọba. Ikú yẹn ló lé ọmọ John lọ sọ́dọ̀ Henry, òun ló sì ṣílẹ̀kùn Troyes ju Agincourt lọ. Kí ni àdéhùn náà wá sọ? Ó ní Charles Kẹfà á máa jọba títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, Henry á máa bá a ṣàkóso, Henry ni á jogún adé, wọ́n sì ti àrẹ̀mọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Isabella kò jẹ mọ́ ọn mọ́. Àna ọba tó di ọmọ ọba ni Henry. Gbogbo òógùn bíṣọ́ọ̀bù já sí òfo, ọwọ́ Katherine ni adé gbà. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lórí obìnrin kan parí sórí obìnrin mìíràn, kò sì sí ẹni tó bi èyíkéyìí nínú wọn léèrè.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Wọ́n á ní bí ayé ọba ṣe rí nígbà náà nìyẹn, kí ni kí Henry ṣe? Wọ́n á ní ọkùnrin tó ṣẹ́gun lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ọmọ ogun tí kò mọ ewì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé Katherine gọ̀, mi ò sì sọ pé òṣèré kò lè fi ìfẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ẹni tí kò ṣeé sọ "rárá" fún, ṣé ẹ̀bẹ̀ ni? Mo gbà pé ẹwà ìran náà wà nínú èyí gan-an: Henry fẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ fún òun ní ohun tí ó ti fi ọ̀kọ̀ gbà. Adé kò tó o. Ó tún fẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ sọ pé inú òun dùn.

Ẹ wo àwọn tó ti fi í ṣe sinimá. Laurence Olivier ṣe tirẹ̀ ní 1944 nígbà ogun, ó sì yọ ìhàlẹ̀ Harfleur àti àwọn ọ̀dàlẹ̀ Southampton kúrò. Tí o bá yọ ìyẹn, ìfẹ́ nìkan ló kù lóòótọ́. Kenneth Branagh, ní 1989, dá àwọn ọ̀dàlẹ̀ padà, ó sì jẹ́ kí olùsọ̀tàn sọ òpin ìtàn. Nínú fíìmù The King ti 2019, wọ́n fún Catherine lẹ́nu, ó bi Henry léèrè ìdí tó fi jagun. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Ìdákẹ́jẹ́ ti Shakespeare dùn mí ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ẹ má sì gbàgbé ewì kékeré onílà 14 tó kẹ́yìn eré. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1600, inú ti 1623 ló wà. Níbẹ̀ ni olùsọ̀tàn ti sọ pé ọmọ tí ìgbéyàwó yìí bí ló pàdánù ilẹ̀ Faransé. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Henry Karùn-ún kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1422. Charles Kẹfà kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ọjọ́ 51 péré ló kù kí adé kan Henry. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Wọ́n dé e ládé ní Paris ní 1431, ṣùgbọ́n àrẹ̀mọ tí wọ́n tì sẹ́yìn ti gba adé ní Reims ní 1429. Ní 1453, gbogbo rẹ̀ ti lọ, àfi Calais. Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì yéé pe ara wọn ní ọba Faransé títí di 1801.

Katherine ńkọ́? Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó di opó. Nígbà tó yá, ó bá Owen Tudor lọ, ará Wales tí kì í ṣe ọba níbì kankan. Ó bí ọmọ fún un, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni Henry Keje tó gba adé ní 1485. Obìnrin tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Shakespeare ń kọ eré yìí, Elizabeth, ìran Katherine ni. Katherine kú ní 1437. Ní 1669, òkú rẹ̀ ṣì wà lókè ilẹ̀ ní Westminster, Samuel Pepys sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun fẹnu ko ayaba náà lẹ́nu ní ọjọ́ ìbí òun. Nígbà náà pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nítorí náà, àbúrò mi, ìdáhùn rẹ rèé: kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀, mo sì ti yọ ọ́. "Bó bá wu bàbá mi" ni mo kọ báyìí. Mo fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n Alice kò ní tún un ṣe mọ́. Tí a bá tún eré náà kà, mo bẹ ẹni tó bá ka ipa ọba pé kó má dúró de àtẹ́wọ́ níbi ìfẹnukonu. Kó dákẹ́ díẹ̀, kí gbogbo wa wo ojú Katherine.